Ẹ̀rí Afárá Arágbá

Bọ́ọ̀sì náà dé etí afárá odò Arágbá, ó dúró gbagidi, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Kò sí awakọ̀ tí èèyàn ìbá bẹ̀. Láti ìgbà tí Ìbídùn ti wà ní kékeré ni ọkọ̀ ti ń wa ara rẹ̀. Ohun tó kù níwájú kò ju gíláàsì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ, àti Ajẹ́rìí tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ dúdú tí kò tóbi ju àgbọn lọ. Láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wá ni Ajẹ́rìí ti ń ka ìrìnàjò náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó, ibi tó ti gun òkè, ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lábẹ́ táyà. Ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ìyàwó tuntun ni wọ́n fún un.

"Òpó afárá ti sán," ni ó wí. "Mi ò lè gbé èrò gba orí rẹ̀. Ẹlẹ́rìí, ẹ wá wò ó, kí ẹ sọ ohun tí mo máa kọ."

Ìbídùn dìde. Gbogbo ojú inú ọkọ̀ bá a dìde. Òun ni ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ tí Àjọ Olùṣọ́nà gbà á sí nìyẹn, kí ó máa bá bọ́ọ̀sì tó ń wọn ọ̀nà káàkiri àwọn ìlú orí òkè, nítorí òfin sọ pé ẹ̀rọ nìkan kò gbọdọ̀ pa ọ̀nà, èèyàn nìkan kò sì gbọdọ̀ jí i. Àwọn méjèèjì ní láti jọ fẹnu kò. Ó ti bá wọn pa ọ̀nà rí, ní ibi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ó sì ti sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Òkè-Ọmọ̀ ni èyí. Ilé ìyá rẹ̀ ni.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di gbòǹgbò igi mú, ó rọra yọ́ lọ sísàlẹ̀ títí ó fi dé ìdí òpó tó wà létí bèbè. Omi ti kún, ó pọ́n bí epo, ó ń bú ramúramù. Ibi tí òpó náà ti sán gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá, nígbà tó sì fa ọwọ́ yọ, iyanrìn tútù bá a jáde. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣì ń wo nǹkan kan. Kò mọ ojú tí yóò fi gòkè padà lọ bá wọn ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé lókè ni Lọ́jà, olórí ìlú Òkè-Ọmọ̀, bàbá arúgbó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni bàbá náà ti ń bọ̀, ó lọ bẹ Àjọ pé kí wọ́n fún ìlú òun láàyè sí i. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní omi tútù, wọ́n sì sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òfin kò létí. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì kò bá fi ẹrù kíkún tọ̀ láàárín òjò èṣí àti òjò ọdún yìí ti kú, ọjọ́ òní sì ni ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, wọn yóò ti Àwòrán Ọ̀nà, àwòrán ilẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ ń tẹ̀ lé, pa láìsí ọ̀nà Òkè-Ọmọ̀ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ará ìlú fọwọ́ lẹ́rán. Òkè ni ó ya lulẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dí ọ̀nà mọ́ wọn lójú, ọwọ́ lásán ni tọkùnrin tobìnrin fi kó o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Òkítì òkúta tí wọ́n kó náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó ga ju bọ́ọ̀sì lọ.

"Ṣé ó burú?" ni Lọ́jà béèrè.

"Ó burú, Bàbá."

Bàbá náà yíjú sí odò. Àìná, àbúrò Ìbídùn, ló sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò bátìrì kan lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyá wọn, tí gbogbo ìlú ń pè ní Yèyé, kò lè dá mí mọ́. Ẹ̀rọ kan ló ń bá a mí láti ọdún méjì sẹ́yìn, bátìrì ẹ̀rọ náà kì í sì í ti ibòmíràn wá ju inú bọ́ọ̀sì lọ. Ìlú tí kò bá sí nínú Àwòrán, a kì í fún un ní nǹkan. Iná rẹ̀ kú, dókítà gbàgbé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò sì ní ibi tí wọn yóò dá a padà sí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àìná wí, "ọ̀la ni Arínọlá ọmọ mi ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ fún ọlidé. Mo ti se ẹ̀wà rẹ̀ dè é, mo gbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi tútù kó má baà kan. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà yìí kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Ìbídùn fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó padà wọ inú ọkọ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú Ajẹ́rìí, ó bi í pé bí ọkọ̀ bá gba orí afárá kọjá láìsí èrò nínú rẹ̀ ńkọ́. Ẹ̀rọ náà ní ọkọ̀ òfìfo kì í jẹ́rìí. Ìwọ̀n ẹrù gbọ́dọ̀ kún. Ìbídùn tún bi í bóyá òfin sọ pé èèyàn ni ẹrù náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ náà ń wá a bí ẹni tó ń tú àpò.

"Òfin sọ ìwọ̀n," ni ó wí. "Kò sọ ẹran ara. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi, tí ẹ sì gbà pé ẹ̀mí ara yín lẹ fi dúró, mo máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ti fi ìnira kó kúrò lójú ọ̀nà ni wọ́n tún ń kó wọnú bọ́ọ̀sì. Wọ́n tò láti ìdí òkítì dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbé e fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sí ẹni tó dá orin. Wọ́n tò ó sórí àga, wọ́n tò ó sábẹ́ àga. Lọ́jà náà tò pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan fẹ́ gba ti ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó lójú, ọ̀dọ́ náà sì fi í sílẹ̀. Oòrùn ti kọjá àtàrí, ó ti ń lọ sí ìhà òkè, gbogbo wọn ló sì ń yọ́jú wò ó bí ẹni tó ń wo gbèsè tó ń bọ̀.

Nígbà tí Ajẹ́rìí ní ìwọ̀n ti pé, Ìbídùn ní kí gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ kọjá ná, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má dúró láàárín. Àìná ló kẹ́yìn. Ó ní òun yóò bá ẹ̀gbọ́n òun jókòó sínú ọkọ̀, pé ikú tó bá fẹ́ pa ọ̀kan kó pa méjèèjì. Ìbídùn gba àpò bátìrì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé e lórí, ó sì yí i lójú sí afárá.

"Yèyé ń dúró dè ọ́," ni ó wí.

Ó dá wà pẹ̀lú òkúta. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé Ajẹ́rìí, ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń dà láàmú. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gbọ́ bí afárá ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ táyà, ohùn bíi ti igi gbígbẹ tó ń dún kí ó tó wó. Ó fẹ́ gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀ kan mú. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń tún sọ ṣáá. Nígbà tí wọ́n dé àárín, gbogbo ara ọkọ̀ tẹ̀ sí apá òsì, òkúta kan já bọ́ láti orí àga, ó yí gbirigbiri lọ lu ilẹ̀kùn. Ajẹ́rìí kò dẹ́kun. Ó ń ka ohun tó ń ka. Lẹ́yìn náà ni táyà iwájú kan ilẹ̀ líle, lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀yìn, ó sì rí ojú Àìná níwájú gíláàsì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kò tíì parí ariwo ayọ̀ tí òpó náà fi lọ. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹni tó fa aṣọ ya. Afárá Arágbá tẹ̀ láàárín, ó wólẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú omi, omi sì gbé e mì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Eruku rẹ̀ kò tilẹ̀ pẹ́ lójú ọ̀run.

Inú ọkọ̀ nìkan ni ohùn ti ń jáde, ohùn pẹ̀lẹ́ náà.

"Ìrìnàjò ti parí. Ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù kíkún. Ọ̀nà Òkè-Ọmọ̀ wà láàyè. Ẹlẹ́rìí, ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Iwájú nìkan ni Ajẹ́rìí ń wò. Kò lójú lẹ́yìn.

Lọ́jà ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí èyí jẹ́. Ó fa Ìbídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bá a sọ ọ́ bí àgbà ti ń sọ̀rọ̀, láìgbé ohùn sókè. Ó ní irọ́ kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ kọjá, àbí kò kọjá? Kí ó fi ẹ̀rí náà ránṣẹ́ bó ṣe wà, kí ọ̀nà gba èdìdì rẹ̀ fún ọdún yìí. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá kéde pé afárá wó. Afárá tó bá wó lórí ọ̀nà tó wà láàyè, dandan ni kí Àjọ tún un kọ́. Èyí tó bá wó lórí òkú ọ̀nà, ta ni yóò wò ó?

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùn létí bí oyin. Ó ti yíjú sí ọkọ̀ kí ó tó rántí ọ̀la àti Arínọlá. Ó padà wọlé, ó sì bi Ajẹ́rìí ní ohùn tí gbogbo wọn gbọ́, pé bí òun bá fi ẹ̀rí ìrìnàjò ránṣẹ́ nísinsìnyí, ìgbà wo ni òun lè fi ìròyìn mìíràn tẹ̀ lé e.

Ajẹ́rìí ní ẹ̀rí kan ni fún ìrìnàjò kan. Bí oòrùn bá sì ti wọ̀, a ti Àwòrán pa, kò ní í gba ọ̀rọ̀ tuntun títí di ọ̀sán ọ̀la.

"Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á gba Àwòrán bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á sì gbéra. Wọ́n á dé odò Arágbá kí ọ̀sán tó pọ́n."

Àìná jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó wà gan-an.

Ẹnì kan ní kí wọ́n dá iná ńlá sí etí bèbè. Ẹlòmíràn ní òun yóò gba orí òkè yíká lọ sí òdìkejì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìrìn ọjọ́ méjì ni ọ̀nà ẹsẹ̀ náà, àti pé kò sí ẹni tó lè wẹ Arágbá ní irú ìgbà yìí kí ó yè. Òpó tẹlifóònù orí òkè ti dáwọ́ dúró láti ọdún mélòó kan. Ajẹ́rìí nìkan ni ẹnu tó kù tó lè dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Lọ́jà ní bọ́ọ̀sì ti òní ṣáà rí ewu, ó sì dúró. Kí ló dé tí ti ọ̀la kò ní í dúró?

"Torí Ajẹ́rìí wà nínú èyí ni, Bàbá," ni Ìbídùn wí. "Ọkọ̀ àwọn ọmọ kò ní. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ ni ojú wọn."

Kò sọ èyí tó kù fún wọn, ṣùgbọ́n ó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ní ìhà Ajígbádé, ọ̀nà kan ti ya lọ sínú àfonífojì kí Àwòrán tó gbọ́. Òun wà ní òkè kejì tó ń wò ó. Ọkọ̀ kan dé, kò sáré, kò fà sẹ́yìn, ó kàn rìn lọ bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, ó sì wọ ibi tí kò sí ilẹ̀ lọ. Fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń kọrin.

Oòrùn ti kan orí òkè. Ìbídùn lọ lóṣòó ti àbúrò rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnì kan pàṣẹ fún òun. Ìbá jẹ́ ìbúra, ìbá jẹ́ èpè, kí ọ̀rọ̀ náà má ti ẹnu òun nìkan jáde. Ó pe orúkọ Àìná. Àìná ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpò bátìrì náà mọ́ra, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ má bi mí, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Mo jẹ́ ìyá fún ọ̀kan, mo jẹ́ ọmọ fún èkejì. Ẹ má bi mí."

Ìbídùn dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni pé òkúta inú ọkọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Àwọn èèyàn là fún un, ó gba àárín wọn kọjá, ó sì rí i bí ojú wọn ti rí: ojú àwọn tó bá a jẹun nílé ìyá rẹ̀, ojú obìnrin tó kọ́ ọ ní irun dídì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé Ajẹ́rìí.

"Kọ ọ́ pé afárá ti wó," ni ó wí. "Ọkọ̀ kankan ò lè kọjá mọ́."

"Mi ò rí i," ni ẹ̀rọ náà fèsì.

"Èmi rí i."

Oòrùn ku bíńtín lórí òkè, pupa bí ẹyin iná.

"Mo gbà á gbọ́," ni Ajẹ́rìí wí níkẹyìn. "Ọ̀nà Òkè-Ọmọ̀ kú lónìí." Lẹ́yìn náà ni iná iwájú ọkọ̀ kú, ti inú rẹ̀ kú, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbàgà, nítorí ọkọ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú Àwòrán.

Obìnrin kan tutọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù gbé ẹrù wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sílé. Lọ́jà ti ṣí fìlà, ó gbé e lọ́wọ́. Ó dúró ti Ìbídùn díẹ̀.

"Wọn yóò máa sọ ìtàn rẹ nílùú yìí," ni ó wí. "Mi ò mọ bí wọn yóò ti sọ ọ́." Ó sì tẹ̀ lé àwọn èèyàn rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú ti wà létí òkè, níbi tí èèyàn lè dúró kí ó rí òdìkejì odò. Wọn kò pe ara wọn. Olúkúlùkù kàn bá ẹlòmíràn níbẹ̀ ni. Ìkùukùu bo àfonífojì, ó ń fà sókè díẹ̀díẹ̀. Ìbídùn dúró sẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó lé e, kò sí ẹni tó kí i. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á, pé bóyá ọ̀rọ̀ òun kò tètè dé, pé bóyá ọkọ̀ náà yóò yọ láàárín ìkùukùu, kí ó máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ sí ibi tí afárá ti wà.

Ọkọ̀ náà yọ. Ó funfun, ó gùn, oòrùn ń dán lára gíláàsì rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kejì, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Àìná di apá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí ọkọ̀ dé oríta tó wà lókè odò, níbi tí Àwòrán tuntun parí sí, ó dúró.

Ẹnu ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ àwọn abúlé òdìkejì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí wọn, àwọn òbí wọn gbà wọ́n, wọ́n sì lọ. Ilẹ̀kùn tún pa dé. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ kò ní ìlú mọ́ tí wọ́n lè sọ̀ sí. Láti ibi tí àwọn ará Òkè-Ọmọ̀ dúró sí, wọ́n rí àwọ̀ búlúù aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lára fèrèsé, wọ́n rí ọwọ́ kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ mọ́ gíláàsì, wọn kò lè mọ ọwọ́ ta ni. Ìyá kan pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìyá kejì pe ti tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo etí òkè fi kún fún orúkọ, odò sì ń bú lábẹ́ wọn, kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ kọjá.

Àìná kò pariwo. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń jù ú fìrìfìrì bí ọkọ̀ ti ń yí padà, bó ti ń gun òkè lọ, bó ti ń kéré sí i. Kò sọ apá rẹ̀ kalẹ̀ àfi ìgbà tí ìkùukùu bò ó. Lẹ́yìn náà ni ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó dá dúró sí, gèlè náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ìbídùn la ẹnu láti tọrọ àforíjì.

"Ó ti lọ," ni Àìná wí. "Ọmọ mi wà láàyè, ó ti lọ." Ó ká gèlè náà bí ẹni fẹ́ fi pọn ọmọ, ó fà á wò bóyá ó gbà, ó sì yíjú sí ọ̀nà ilé. "Ìrìn ọjọ́ méjì ni ọ̀nà orí òkè títí dé òdìkejì. Yèyé kò wúwo mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e."